Aṣọ Tí A Kò Tà Mọ́

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ti ọ́fíìsì wọn ní Ìlọrin pa, wọ́n ní kí kálukú máa ti ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní iṣẹ́ gan-an ti tán. Èmi ò kúrò nínú yàrá méjì tí mo háyà sí àdúgbò Fate. Ibo ni mo fẹ́ lọ? Màmá mi ti kú lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà lókè òkun, ilé tí a dàgbà sí ní Sabó-Òkè sì ti di ti ẹlòmíì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀ ò ju àwọn tó máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ìwọ náà ńkọ́, ṣé o ti wà nílé ọkọ?" Mo bá jókòó sí Fate, mo ń bá àwọn èèyàn tí mi ò rí rí ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Àwọn náà ò sì béèrè bí ojú mi ṣe rí.

Ẹni tí kò bá dá gbé rí ò lè mọ̀ pé ohùn èèyàn máa ń gbẹ. Ọjọ́ mìíràn wà tó máa ń di ọ̀sán kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá wá fẹ́ kí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa, ohùn náà á kọ́kọ́ há mi lọ́fun, màá sì ní láti wúkọ́ kó tó là. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ látàárọ̀. Kì í ṣe pé mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ nínú ilé ni.

Àsìkò yẹn ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àlájà pè mí. Ẹnì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí ló fún un ní nọ́ńbà mi. Kò fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Ọmọ mi, wọ́n ní o mọ̀ nípa ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tèmi ti ń purọ́ mọ́ mi. Wá bá mi wò ó."

Agbo ilé wọn ò jìnnà sí Ọjà-Ọba. Kẹ̀kẹ́ já mi sílẹ̀ níbi tí èrò ti dí ọ̀nà, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Obìnrin gíga ni Àlájà, àgbàlagbà tó ń yára sọ̀rọ̀, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Òfì ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ ló ń hun ún lábẹ́ páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, òwú gígùn tí wọ́n fi òkúta dì mọ́lẹ̀ nà jáde níwájú rẹ̀. Ọmọ àbúrò Àlájà kan ló ṣe ilé ìtajà náà fún un. Nígbà tí ọmọ náà rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tó tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Àlájà tẹ́ ẹní fún mi, ó jókòó tì mí.

"Obìnrin kan ní Ìbàdàn ra òfì pupa lọ́wọ́ mi lọ́dún èṣí," ni ó wí. "Ó wá ní kí a bá òun hun ìborùn tó bá a lọ. Mo wọ inú ilé ìtajà, mo wo ohun tó rà. Aró ni mo bá níbẹ̀! Mo ní kí Bàbá hun aró, mo fi ránṣẹ́. Obìnrin yìí pè mí, ó ní ṣé àgbàlagbà bíi tèmi ló ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ṣé ẹ yí nǹkan kan padà, Àlájà?"

"Òfì pupa ti tán. Mo fi aró sí àyè rẹ̀. Mo yí fọ́tò, mo yí orúkọ, mo yí iye tí a ń tà á. Ṣé ọjà mi kọ́ ni?"

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo wo inú rẹ̀. Dátábéèsì ni a ń pe ibi tí irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ń kó gbogbo ohun tó mọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní àpótí, kó lè yé gbogbo wa. Àpótí kan wà fún ọjà, òmíràn wà fún àwọn oníbàárà, ẹ̀kẹta wà fún ohun tí a ti tà. Ẹni tó ṣe é ò kọ nǹkan kan nípa aṣọ sínú àpótí ẹ̀kẹta yẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé: oníbàárà báyìí ra ọjà báyìí, ẹ lọ wò ó nínú àpótí ọjà. Nígbà tí Àlájà wá sọ pupa di aró nínú àpótí ọjà, gbogbo ẹni tó ti ra pupa rí di ẹni tó ra aró. Bó bá sì fi owó lé ọjà lónìí, á dà bíi pé iye tuntun náà ni àwọn tó rà á léṣìí san. Òní nìkan ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà láti mọ̀. Kò mọ àná.

Mo ṣàlàyé fún Àlájà.

"Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Ó ṣeé tún ṣe, mà."

"Àlùbáríkà. Jẹun kí o tó lọ."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí agbo ilé náà. Mo lè jókòó sí Fate kí n ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo ń wá ìdí tí màá fi lọ. Mo ní mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń di aṣọ. Mo ní mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń gba ìsanwó. Àlájà ò bi mí pé kí ló dé. Yóò gbé tùwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ lúrú síwájú mi, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, ó wò mí.

"Wọ́n ní ìwọ nìkan lò ń gbé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí o bá jí, ta lò ń kí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Rédíò ni, Bàbá."

Òun ò rín in. "Rédíò ò lè béèrè pé ṣé o sùn dáadáa," ló wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbójú sókè láti ìdí òfì rẹ̀, yóò ní, "Ṣé o sùn dáadáa?" Ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan.

Bí mo ṣe tún àpótí náà ṣe nìyí. Nígbà tí ẹnì kan bá ra aṣọ, lójú ẹsẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yóò da ohun gbogbo kọ sínú àpótí títà: orúkọ tí aṣọ náà ń jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àwọ̀ rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, iye tí wọ́n tà á, àti ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Bí Àlájà bá yí aṣọ padà lórí àtẹ lọ́la, ti àná dúró bó ṣe wà. Bí oníbàárà bá kó kúrò nílé, àdírẹ́sì tuntun lọ sínú àpótí oníbàárà, ti àtijọ́ ò kúrò nínú ohun tó rà. Bí ẹnì kan bá dá aṣọ padà, a ò ní pa títà rẹ́. A ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ó dá a padà.

Ibi tí èmi àti Àlájà ti fa ọ̀rọ̀ ni ti pípa ọjà rẹ́. Ó fẹ́ máa pa èyí tó bá ti tán rẹ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá.

"Àlájà, èyí tí ẹ ò bá tà rí, ẹ lè pa á rẹ́. Èyí tí ẹ ti tà, ẹ lè gbé e kúrò lórí àtẹ kí ẹnikẹ́ni má rí i mọ́. Ẹ ò kàn lè sọ pé ẹ ò tà á rí ni."

"Ìwọ ọmọ yìí, o le o," ni ó wí. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ ohun tó ń sọ fún mi nínú ilé ara mi?"

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. "Òótọ́ ló sọ."

Ó ku àwọn títà àtijọ́ tó ti bàjẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá wa rántí wọn. Ọ̀sán lẹ́yìn ọ̀sán, a máa ń jókòó lórí ẹní, Àlájà á ṣí àwọn fọ́tò inú fóònù rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí òun àti àwọn oníbàárà ti bára wọn sọ, a ó máa tò wọ́n padà sí àyè wọn. Àwọn kan wà tí a ò rí. Àlájà ní kí n fi ohunkóhun tó bá jọ ọ́ síbẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀? Mo kọ̀. Mo kọ "a kò mọ̀" síbẹ̀, a sì kọjá.

Nínú àwọn ọ̀sán yẹn ni a kan fọ́tò aṣọ sányán kan tí wọ́n fi òwú àwọ̀ ìyeyè là lójú. Bàbá tẹjú mọ́ ọn, ó bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí.

"Ẹ wo aṣọ tí mo hun fún ìyàwó mi," ló wí, "ó gbé e sórí àtẹ!"

Àlájà mú fóònù sún mọ́ ojú. "Èyí? Tèmi ni èyí?"

"Ìgbà tí o dìde ní ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ."

"Ṣé ẹ sọ̀rọ̀ ni? Ẹ kàn tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ jáde lọ kírun! Mo ní ọjà ni ẹ hun tán."

"Mo rò pé o mọ̀."

"Ta ní í mọ ohun tí wọn ò sọ fún un?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Àlájà. Èmi náà rín in pẹ̀lú wọn. Mo kọ aṣọ náà sí àyè rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ obìnrin tó rà á, a lọ sórí èyí tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ parí. Ilé ìtajà náà ń ṣe dáadáa, kò sì sí ohun tí mo tún lè sọ pé mo fẹ́ lọ wò. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan síi láti lọ ra wàrà lọ́jà, mo yà kí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú tì mí. Wọn ò ní kí n má wá, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n wá pẹ̀lú. Mo padà sọ́dọ̀ rédíò mi.

Òwúrọ̀ kan ni fóònù dún, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Ohùn ọkùnrin ni.

"Àǹtí, ọmọ Àlájà ni. Wọ́n ní kí n pè yín. Bàbá ti jáde láyé."

Kí n tó dé Ọjà-Ọba, wọ́n ti ń gbé òkú Bàbá jáde. Wọ́n kírun sí wọn lára, wọ́n sì ti sin wọ́n kí a tó pe ìrun àlàásárì. Mo dúró láàárín àwọn obìnrin, mo fi gèlè bo orí mi bí mo ṣe rí i tí wọ́n ṣe. Ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

Mo ní, "Èmi ni mo tún ilé ìtajà wọn ṣe."

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. Ó rọra sún díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí àwọn ẹbí lè ráyè. Mi ò rí Àlájà sójú lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹsẹ̀ rìn títí mo fi kúrò láàárín èrò, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́.

Lẹ́yìn àdúrà fídáù Bàbá, ọmọ Àlájà tún pè mí. Àkọ́bí wọn ni, ó ti Kàdúná wálé láti wá mójú tó ọjà. Inú ń bí i.

"Àǹtí, ẹ̀rọ yín ò gbọ́ràn. Mo fẹ́ pa àwọn aṣọ Bàbá rẹ́. Àwọn èèyàn ṣì ń sọ pé àwọn fẹ́ rà á, a ò sì ní ohun tá a máa fi ránṣẹ́. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ó máa ní a ti tà á rí, kò ṣeé pa rẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn."

"Kí nìdí? Ẹni tó ń hun ún ti kú, Àǹtí! Kí la tún fẹ́ fi ṣe?"

Mo jẹ́ kó mí tán. Mo wá sọ fún un pé bọ́tìnnì kan wà lábẹ́ ibi tó ń tẹ̀, wọ́n kọ "Gbé kúrò lórí àtẹ" sí i. Bó bá tẹ ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa rí aṣọ náà láti rà mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí Bàbá ti hun, tí wọ́n ti tà, á ṣì wà níbẹ̀, ibi tó lọ àti ẹni tó rà á.

Ìbínú ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo èyí tá a mọ̀."

Mo gbọ́ tó fa imú. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ló wí. Nígbà tí mo wo inú ilé ìtajà náà lọ́jọ́ kejì, ó ti gbé wọn kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àtẹ ti ṣófo. Ní ẹ̀yìn, níbi tí àwa tó ń ṣètò rẹ̀ nìkan lè rí, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan: a kò tà á mọ́.

Àlájà wọ tákàbá. Kò lè jáde títí ọjọ́ opó rẹ̀ yóò fi pé, nítorí náà ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a nínú yàrá, ó wọ aṣọ tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ó ti rù. Awò ojú rẹ̀ ò sí lọ́rùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, aṣọ tí Bàbá ní tèmi ni, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Bá mi wá ẹni tó rà á."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà sórí ẹsẹ̀. Mo rí i. Nínú àpótí títà, Òṣogbo ni wọ́n kọ. Nínú àpótí oníbàárà, Àkúrẹ́ ni.

"Èwo ni òótọ́?" ni Àlájà béèrè.

"Méjèèjì ni, mà. Òṣogbo lẹ fi aṣọ ránṣẹ́ sí. Àkúrẹ́ ló ń gbé báyìí."

Ó ní kí n pè é. Mo pè é, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Obìnrin náà kí Àlájà dáadáa. Nígbà tó gbọ́ pé Bàbá ti kú, ó bá a kẹ́dùn. Àlájà wá sọ ohun tó fẹ́: aṣọ sányán tó rà yẹn, òun ni ọkọ òun hun ún fún, òun ò mọ̀ nígbà tí òun fi tà á. Bó bá lè dá a padà, iyekíye tó bá ní kí òun san, òun á san án.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni obìnrin náà wí. "Ìyá mi ni mo rà á fún. Aṣọ náà ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo aṣọ wọn lọ. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ wọn."

"Kò sí wàhálà," ni Àlájà wí kíákíá. "Má gbà á. Má tiẹ̀ sọ fún wọn."

Kò pẹ́, obìnrin náà fi fídíò ránṣẹ́. Ìyá arúgbó kan jókòó lórí àga, aṣọ náà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ń juwọ́ sí ẹni tó ń yà á. Àlájà mú fóònù sún mọ́ ojú, ó wò ó títí ó fi parí, ó ní kí n tún fi han òun. Nígbà tó wò ó tán, ó dá fóònù padà fún mi.

"Ó bá wọn mu," ló wí.

Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dìde tàbí kí n jókòó. Mo jókòó. Nígbà tó pẹ́, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìyíjú, ó di ọwọ́ mi mú. Bẹ́ẹ̀ la wà títí ìyàwó ọmọ rẹ̀ fi wọlé pé àsìkò ìrun ti tó.

Mo ń lọ kí i títí ó fi yọ kúrò nínú tákàbá. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin rẹ̀ wá láti Àbújá, ó ní ìyá òun ò gbọ́dọ̀ dá wà. Òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Àlájà gbàdúrà fún mi ní ẹnu ọ̀nà mọ́tò, ó ní Ọlọ́run á fún mi ní ẹni tèmi. Ó máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tó yá, ó di ìgbà dé ìgbà. Àwọn ọmọ ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti yá.

Ọmọ rẹ̀ ti gba àwọn ahunṣọ míì. Àtẹ ti kún padà, wọ́n ń tà. Láìpẹ́ yìí ló pè mí pé nǹkan kan ń dàrú níbi ìsanwó, mo sì lọ bá a tún un ṣe. Àwọn tó ń hun aṣọ lábẹ́ páànù jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n fi nǹkan dí etí, wọ́n ń gbọ́ orin. Mo kí wọn, ọ̀kan gbé orí sókè. Ọmọ Àlájà fún mi ní omi inú ọ̀rá, ó dúpẹ́, ó ní òun ń lọ gbé ẹrù ní gáréèjì. Mo mu omi náà ní ìdúró, mo wá kẹ̀kẹ́, mo padà sí Fate.